Táblẹ́ẹ̀tì Tí Sáìtì Ń Pè Ní Fóònù

Ọ̀gá Látúndé ló ni ilé-ìwé àti sáìtì rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí Àwẹ̀ró, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀, kó máàkì kíláàsì rẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ bọ́. Táblẹ́ẹ̀tì Àwẹ̀ró fẹ̀ bíi síléètì, síbẹ̀ ojú-ewé fóònù ni sáìtì ń ṣí fún un, kò sì sí àyè máàkì níbẹ̀. Ó bá dìde láàárín àwọn olùkọ́, ó kọjú sí ọ̀gá kúkúrú náà: “Ìwọ, wá wo nǹkan.” Ọ̀gá ní, “Èmi lò ń pè ní ìwọ?” “Ẹ má bínú, sà. Gíga yín ni mo wò, mo ṣe bí ọmọdé ni. Bí sáìtì yín ṣe wo táblẹ́ẹ̀tì mi náà nìyẹn, tó ń pè é ní fóònù.” Ọ̀gá fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra, ó tún sáìtì náà ṣe, ó wá gbójú sókè: “Ẹ wò ó wò, mà. Ṣé ó ti ṣí fún yín?”