Àyìnkẹ́ àti Ìgbátí Aṣọ Ìyá

Àyìnkẹ́, ìyàwó ilé kan ní ìlú Òkè-Òwú, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ ní àdúgbò rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bí ó ṣe ń fi í yangàn! Bí ó bá ti jókòó tì í tó ń fi ẹsẹ̀ wà á, ariwo rẹ̀ a gba gbogbo agboolé. Ojú ọ̀lẹ ló fi ń wo ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ń fi ọwọ́ ránṣọ.

Agboolé náà ní ìbora kan tí wọ́n ń pè ní Aṣọ Ìyá. Ègé aṣọ àwọn ìyá ilé tó ti kú ni wọ́n rán pọ̀ tó fi di odidi. Bí ọmọbìnrin ilé bá ń lọ sílé ọkọ, òun ni wọ́n ń dà bò ó lórí, kí gbogbo ìyá lè sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó kan àbúrò ọkọ Àyìnkẹ́, ẹni tí Àyìnkẹ́ ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nítorí pé ìyàwó kì í dárúkọ ọmọ tó bá nílé, Ìyá Àgbà, obìnrin tó dàgbà jù ní agboolé, gbé aṣọ náà wá. Etí rẹ̀ ti gbó, ó ti ń tú.

“Ìyàwó, bá mi fi ìgbátí tuntun sí i. Ọwọ́ ni kí o fi rán an o. Má gbé e sórí ẹ̀rọ.”

“Mo ti gbọ́, Ìyá,” Àyìnkẹ́ dáhùn, ó kúnlẹ̀ gbà á.

Gbígbọ́ ẹnu lásán ni. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ní àgbà yìí kàn ń bá ẹ̀rọ jowú ni. Ta ni yóò jókòó máa fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ yí ìbora ńlá po nígbà tí ẹ̀rọ wà nílé? Ọmọbìnrin ilé kankan kò tíì lọ sílé ọkọ láti ìgbà tó ti wọ agboolé náà, kò sì béèrè ìdí. Ó wa ẹ̀rọ yí aṣọ náà po, ó tún wà á yí po lẹ́ẹ̀kejì kí ó lè le dáadáa. Iṣu tó gbé kaná kò tíì jinná tó fi ṣe tán. Ìgbátí náà gún régé, ó ká aṣọ pamọ́, ó ń kọrin.

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹbí pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ará ilé ọkọ sì ń dúró níta. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúnlẹ̀ ti Aṣọ Ìyá, ó fa ègé àdìrẹ kan yọ. Ti ìyá tó bí i ni, ẹni tó kú lọ́dún tó kọjá. Ègé yìí nìkan ló ṣẹ́kù nínú ẹrù rẹ̀.

“Tú igun ọ̀hún,” Ìyá Àgbà wí. “Ìwọ fúnra rẹ ni wàá fi ìyá rẹ sáàárín àwọn yòókù kí a tó dà á bò ọ́. Bí àwọn ọmọbìnrin ilé tí ìyá wọn ti kú ṣe máa ń ṣe nìyẹn.”

Ìgbà náà ló yé Àyìnkẹ́. Háà! Èyí ló fà á tí wọ́n fi ní kó fi ọwọ́ rán an! Òwú ọwọ́, bí a bá ti fa orí rẹ̀, á tú. Ó fẹ́ kígbe pé kí wọ́n dúró, ṣùgbọ́n ojú tì í.

Ọmọ náà fa òwú, kò tú. Ó fi agbára fà á.

Fààà!

Òwú kọ́ ló já o, aṣọ ló ya! Ibi tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ti gún wínníwínní ló gbà ya, láti igun kan dé ìkejì, ìgbátí sì bọ́ sọ́wọ́ ọmọ náà bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Yéè! Àwọn ìyá káwọ́ lérí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń wo ìgbátí lọ́wọ́ kan, ó ń wo àdìrẹ lọ́wọ́ kejì.

“Ṣé ìyá mi ò ní sí níbẹ̀ mọ́ nìyẹn?”

Àyìnkẹ́ wólẹ̀ gbalaja. “Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, ẹ má sunkún. Èmi ni mo jẹ̀bi. Wọ́n ní n má gbé e sórí ẹ̀rọ, mo gbé e.”

“Dìde,” Ìyá Àgbà wí. “Mú abẹ́rẹ́.”

Àyìnkẹ́ mú abẹ́rẹ́ ọwọ́, omijé ń bọ́ sórí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣa òwú ẹ̀rọ kúrò, ó wọ́n omi sí àwọn ihò náà, ó fi èékánná ra wọ́n kí wọ́n lè pa dé. Wọn kò pa dé. Ó rọra rán ibi tó ya, ó dá ìgbátí padà, ó fi igun kan sílẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ìyá rẹ̀ síbẹ̀, ó rán an mọ́ àwọn yòókù. Wọ́n da aṣọ bò ó, wọ́n súre fún un, wọ́n ṣí i lórí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lọ.

Àyìnkẹ́ gbé aṣọ náà tọ Ìyá Àgbà lọ. “Ìyá, ó ti dúró báyìí. Ṣé ẹ ti dárí jì mí?”

“Mo ti dárí jì ọ́ kí o tó dìde nílẹ̀.” Ìyá Àgbà ń fi ìka tọ àwọn ihò náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. “Egbò ti jinná, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tí a bá dà á bò lẹ́yìn èyí ni yóò máa béèrè pé kí ló ṣe é níbí.”

Láti ọjọ́ náà wá, bí àwọn àgbà bá rí ohun tó bàjẹ́ tí a tún ṣe, wọn a mi orí, wọn a ní: ojú àpá kì í jọ ojú ara.