Òróró Tó Dì Nínú Ọyẹ́

Ọkùnrin kan wà ní Ṣakí tó ń se ọṣẹ olóòórùn dídùn. Inú ìgò kékeré kan ni òórùn ọṣẹ rẹ̀ ti ń wá: òróró kan tó mọ́ gaara bí omi, tí àwọn oníkẹ́míkà ń pè ní asẹtofinóònù. Bó bá kán díẹ̀ péré sínú ìkòkò ńlá, gbogbo ọṣẹ náà á máa ta sánsán bí òdòdó ọsàn. Ọwọ́ ìyá àgbà kan n'Íbàdàn ló ti ń rà á láti ogún ọdún, ìyá náà kò já a kulẹ̀ rí.

Lọ́dún kan, ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun, ó sì gbé ìgò náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò lọ síbẹ̀. Ọyẹ́ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dojú ìgò dé, kò sí ohun tó kán. Ohun inú rẹ̀ ti dì gbagidi. Àdí inú garawa rẹ̀ náà dì láàárọ̀ yẹn, kò bínú sí àdí. Ìyá àgbà ló bínú sí. Ó ní ó ti yọ́ àbẹ́là mọ́ ọjà òun.

Ó wọ súwẹ́tà, ó ki ìgò bọ àpò àyà, ó wọkọ̀. Títí ó fi dé Ìbàdàn ló ń to ọ̀rọ̀ èébú jọ. Ó pe gbogbo aládùúgbò ìyá náà kí wọ́n wá ṣẹlẹ́rìí, ó sì fa ìgò yọ.

Òróró náà ń ṣàn nínú ìgò, ó mọ́ gaara. Ó ṣí i, òórùn òdòdó ọsàn gba gbogbo ìsọ̀.

Ìyá àgbà fọwọ́ kan ìgò náà, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. “Níbo lo gbé e sí wá, ọmọ mi?”

Ó fọwọ́ kan àyà.

“Òtútù ló mú un dì. Kò bàjẹ́. Ooru ara rẹ ló yọ́ ọ.”

Ẹ̀rù bà á. Bó ti ń bínú bọ̀ lọ́nà, iṣẹ́ ńlá yìí ń lọ lábẹ́ súwẹ́tà rẹ̀, kò mọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú àwọn ẹlẹ́rìí tó fúnra rẹ̀ pè.

Ẹ̀yin náà tí ẹ wá bá èmi baálé yín, ẹ ní àbúrò yín ti le koko láti ìgbà tí aya rẹ̀ ti kú, ẹ ní kí n pe ẹbí jọ ká lé e kúrò lágboolé. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òtútù ti mú un, ọjọ́ wo lẹ fà á mọ́ra? Ẹ lọ bá a jẹun lónìí, àwo kan náà. Bó bá di oṣù tó ń bọ̀ tí ẹ ṣì fẹ́ kí n pe ẹbí, n ó pè wọ́n.