Ààrò Mẹ́ta Ọdẹ́níran

Ẹ̀yin ará mi, ẹ sún mọ́ mi, ẹ tẹ́tí bí ẹtu tó gbọ́ ìró ewé, nítorí ìrìn Ọdẹ́níran kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń gbọ́ sùn! Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, ọdẹ ni bàbá bàbá rẹ̀. Agbárí ẹran ló kàn kún ògiri ilé, iye wọn ló sì fi ń mọ̀ bóyá ayé dára fún òun. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Ìbídùn aya rẹ̀ kan wú, kò lè rìn mọ́, ewé kò ràn án. Wọ́n ní omi ìwòsàn wà nínú Igbó Ẹlẹ́mìí. Kíá, Ọdẹ́níran gbé ìbọn bàbá rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ké pe Ọlọ́run, ó wọ igbó lọ.

Háà, igbó ńlá! Igi ń bá igi sọ̀rọ̀, òkúta ń sín, odò ń ṣàn gun òkè bí ẹni ń gun àjà. Láàárín rẹ̀ ni iwin kan jókòó sí, tí irun rẹ̀ ń rú èéfín, ìkòkò omi kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Káàbọ̀, ọmọ ọdẹ. Omi rẹ nìyí, ṣùgbọ́n orí ààrò tìrẹ la ó ti sè é.”

“Baba, n kò gbé ààrò wá.”

“O gbé e wá. Ayé rẹ ni. Ẹran mélòó lo pa lọ́dún tó kọjá?”

“Mẹ́tàlélógún! Ẹkùn méjì wà níbẹ̀!” Kò tíì pa ẹnu dé tí òkúta kan fi yọ láti inú ilẹ̀, ó tóbi bí orí erin. Ọdẹ́níran ń yan bí àkùkọ.

“Ìgbà wo lo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá rẹ gbẹ̀yìn?”

Ó họ orí. “Ó tó . . . ìkórè èṣín.” Òkúta kejì yọ bí ẹyin adìyẹ.

“Ẹsẹ̀ aya rẹ wo ló wú, ọ̀tún ni tàbí òsì?”

Ọdẹ́níran wo ẹsẹ̀ tirẹ̀ méjèèjì. Ó mọ ẹsẹ̀ tí ìkookò fi ń tiro nínú ẹrẹ̀. Ti aya rẹ̀, kò mọ̀! Òkúta kẹta yọ, kò tóbi ju ìkejì lọ.

Iwin bú sẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá ọdẹ! Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ṣùgbọ́n tìrẹ yìí yóò dà á nù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sì ń fún èèyàn lómi.”

“Ṣé àwọn kékeré kò lè dàgbà ni, Baba?”

“Ilé ni wọ́n ti ń dàgbà, díẹ̀díẹ̀. Èyí tó tóbi nìkan lo lè dín kù níhìn-ín.”

Ọdẹ́níran wo ìbọn, ó wo ìkòkò. “Olúwa, gbà mí!” Ó fi ìdí ìbọn gbá òkúta náà, gbàà! Ó gbá a, ó tún un gbá, títí òkúta fi fọ́, tí ìbọn sì kán sí méjì. Ó ṣa àfọ́ kan tó bá àwọn yòókù dọ́gba, ó fi ṣe ààrò, ó dáná, ó gbé ìkòkò kà á. Ìkòkò jókòó pẹ̀lẹ́, omi hó, ẹ̀kán kan kò dànù!

Ó gbé omi náà sáré délé, ó kúnlẹ̀ ti ẹní aya rẹ̀. “Ìyá Jọláadé, jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ wo ni?”

Ìbídùn wò ó títí. “Bàbá Jọláadé, ẹ rìn dé Igbó Ẹlẹ́mìí kí ẹ tó bi mí! Òsì ni.” Ló bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ilé náà kò gbọ́ láti oṣù mẹ́ta. Ọdẹ́níran fi omi wẹ ẹsẹ̀ náà, kí oòrùn sì tó wọ̀, Ìbídùn ti rìn dé ẹnu ọ̀nà, àwọn méjèèjì sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, bí ẹ bá délé, ẹ má ka agbárí ara ògiri mọ́. Ẹ wo ààrò yín. Ẹ bi ẹni tó sún mọ́ yín jù lọ pé, “Ẹsẹ̀ wo ló ń dùn ọ́?” Kí Olúwa jẹ́ kí ìkòkò gbogbo wa jókòó.