Ìyá Ọ̀yà Tó Ń Dijú Rìn

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ẹ kígbe kó dé odò! Àlọ́ mi yọ́ gba inú eèsún, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Ọ̀yà.

Arúgbó ni, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ọmọ mẹ́ta ló bí, kálukú wọn ní, “Ọ̀dọ̀ mi ni Ìyá máa gbé.”

Ìyá ní, “Ẹ ní sùúrù ná.” Ó dijú, ó ń rìn, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹsẹ̀ mi mọ̀nà o,
Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́!
Bójú tilẹ̀ lọ o,
Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́!

Lọ́jọ́ kìíní, ó dé odò, ó mumi. Lọ́jọ́ kejì, ó dé oko ẹ̀gẹ́, ó jẹun. Lọ́jọ́ kẹta, ó fẹ́ gba orí igi tó dábùú odò kọjá lọ kí àbúrò rẹ̀. Ẹsẹ̀ yọ̀, ó já sódò. Àwọn ọmọ sáré fà á jáde.

Àkọ́bí ní, “Ìyá, ṣé ẹ rí i? Ó yá, ilé mi.”

Ìyá gbọn omi ara rẹ̀ dànù. “Mo rí i. Ohun tí mo ń wá náà nìyẹn. Bójú bá lọ tán, orí igi yìí ni kí ẹ ti máa dì mí mú. Ọ̀nà yòókù, ẹ fi sílẹ̀ fún mi.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ lọ bi ìyá yín àgbà níbi tí igi tiwọn wà, kí wọ́n tó já sódò.