Aṣọ Sányán àti Fèrè Dúdú

"Ìyá, mo ti rí fèrè tí mo fẹ́ rà!"

"Ta ló bá ọ fọn ún wò?"

"Kò sẹ́ni tó fọn ún. Ṣùgbọ́n ó ń dán, Ìyá! Ó ń dán bí ojú omi!"

"Dígí náà ń dán. Ta ló ti gbọ́ orin lẹ́nu dígí rí?"

Báyìí ni Ṣubúọlá aránṣọ ṣe wọ ilé Ìyá Ẹfúnyẹmí, ẹni tí ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ní ìlú Ìgbóyè. Obìnrin ẹni ogójì ọdún ni Ṣubúọlá, kò sì fọn fèrè rí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti gbọ́ kilarinẹ́ẹ̀tì, fèrè gígùn àwọn òyìnbó, níbi ìsìnkú kan, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Àga kan ṣoṣo ló ṣófo nínú ẹgbẹ́ afọnfèrè ìlú. Wọ́n fún àwọn tó fẹ́ ẹ ní oṣù mẹ́fà láti kọ́ṣẹ́ kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Ṣubúọlá fẹ́ àga náà bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ṣódìpọ̀, aránṣọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fẹ́ ẹ pẹ̀lú. Òun náà ló bá a wá, tó fara ti ògiri, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìyá da owó ẹyọ sórí àtẹ. Ó wò ó títí. Ó tún un dà.

"Dídán kì í ṣe ohùn, ẹwà kì í dí ihò. Òun ni wọ́n wí fún ẹni tí ń lọ ra ohùn lọ́jà. Wọ́n ní kó rúbọ, kí orin má baà di igbe."

"Kí ni ẹbọ náà, Ìyá?"

"Àkùkọ kan, obì mẹ́rin, àti aṣọ sányán tí kálukú yín jogún. Ẹ ó gé e wẹ́wẹ́. Lójoojúmọ́ tí ẹ bá fọn fèrè tán, òun ni ẹ ó máa fà gba inú rẹ̀ kọjá. Omi ẹnu kò gbọdọ̀ sùn nínú fèrè. Ẹ má sì dá lọ sọ́jà: ẹ mú àgbà afọnfèrè dání, kí ẹ gba ohun tó bá wí."

Ṣubúọlá fọwọ́ bo ìborùn èjìká rẹ̀. Sányán ìyá rẹ̀ ni.

Ṣódìpọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Agbádá bàbá mi ni kí n fi nu itọ́? Ìyá, ẹ tún owó ẹyọ yẹn bi. Bóyá àkísà ló wí."

"Ohun tó wí ni mo sọ, Ṣódìpọ̀."

"Ó dáa, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọjọ́ náà gan-an ni Ṣódìpọ̀ ra fèrè tí ń dán náà.

Ṣubúọlá sọkún, ó sì mú sísọ́ọ̀sì. Ó rú ẹbọ náà pátá. Lẹ́yìn náà ló mú Bàbá Ṣóyọyè, tó ti fọn kilarinẹ́ẹ̀tì fún ọgbọ̀n ọdún, lọ sọ́jà. Bàbá gbé èyí tó rẹwà jù. Ó fi ìka dí gbogbo ihò rẹ̀, ó fi ẹnu fa atẹ́gùn inú rẹ̀. Fùù!

"Ó ń jò. Gbé e sílẹ̀."

Ó gbé òmíràn, ó fà á. Fùù! Ó gbé ìkẹta, dúdú kan báyìí tí ẹnikẹ́ni kò wò. Ó fà á, fèrè lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu pinpin!

"Ó dí! Ṣubúọlá, ó dí!"

"Bàbá, ṣebí ike ni?"

"Ike ni. Ọyẹ́ kò ní í là á. Ṣé bàtà ọba lo fẹ́ fi kọ́ ìrìn ni?"

Ó rà á. Lójoojúmọ́ ló ń fọn ún, lójoojúmọ́ ni sányán ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣódìpọ̀ ní tirẹ̀ ń fọn tirẹ̀, ó ń dé e mọ́ àpótí pẹ̀lú omi nínú. Awọ kéékèèké tí ń dí àwọn ihò rẹ̀ wú. Nígbà tí ọyẹ́ dé, igi rẹ̀ là láti òkè dé àárín.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ṣódìpọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí fèrè. Ó ké bí ewúrẹ́ tí a tẹ̀ nírù. Àwọn èèyàn fọwọ́ di ikùn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ṣubúọlá dìde. Ó fọn. Ohùn náà jáde, ó mọ́, ó yípo, ó sì ń gun òkè lọ! Kí orin tó parí, olórí ẹgbẹ́ ti fa àga náà síwájú.

"Ìyá aránṣọ, ẹ jókòó!"

Ariwo sọ. Ẹni tó rúbọ ló jókòó. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é káàkiri, tó ń yọ̀. Ẹni tó fi ẹbọ ṣẹ̀sín ló fìka àbámọ̀ bọnu.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí Ṣódìpọ̀ fi dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyá.

"Ìyá, ẹbọ yẹn, ṣé ó ṣì ṣeé rú?"

"Àga yẹn ti lọ. Ṣùgbọ́n afọnfèrè ń darúgbó, àga mìíràn yóò ṣófo."

Kó tó parí ọ̀rọ̀, ọkùnrin náà ti dé ojúde.

"Ẹ má tíì tilẹ̀kùn o, Ìyá! Agbádá bàbá mi ni mò ń lọ mú. Bí mo ṣe ń lọ yìí ni mò ń bọ̀!"