Ère Tí Alápàáńdẹ̀dẹ̀ Mọ fún Ìyá Láwunmí

Àlọ́ o.

Àlọ̀.

Àlọ́ mi gbéra, ó fò, ó fò, ó bà lé Ìyá Láwunmí, ó bà lé Ewúrẹ́, ó bà lé Ọ̀bọ, ó wá bà lé Alápàáńdẹ̀dẹ̀.

Ní ìlú kan, wọ́n máa ń ṣe ọdún Àlòkù. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ àlòkù? Àfọ́kù igbá ni. Àkísà ni. Ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan bá ti sọ nù ni wọ́n fi ń ṣe ère sẹ́nu ọ̀nà. Ilé tó bá ní ère, àwọn ọmọdé á wọ ibẹ̀, wọ́n á jó, wọ́n á jẹun. Ilé tí kò bá ní, wọ́n á rọra kọjá, wọ́n á ní onílé fẹ́ sinmi. Ṣé ó yé yín?

Ó yé wa.

Ìyá Láwunmí kò fẹ́ sinmi. Láwunmí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti kú. Ilé náà dákẹ́ jù. Ó fẹ́ gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọdé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n làkúrègbé ti mú un lọ́wọ́, kò lè di nǹkan mú mọ́.

Ó pe Ewúrẹ́. "Ọmọ mi, bá mi fi háríhá àgbàdo yìí ṣe ère."

Ewúrẹ́ tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò. Háríhá tán.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó gbẹ dáadáa ni."

Ìyá pe Ọ̀bọ. Ọ̀bọ mọ̀ ọ́n ṣe o. Ó fi àfọ́kù igbá ṣe orí, ó fi àkísà ṣe ara. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e lé èjìká.

"Níbo lò ń gbé e lọ?"

"Ilé wa ni, Ìyá. Ẹ ò rí i bó ṣe jọ mí? Mi ò lè fi ara mi sílẹ̀ nílé onílé."

Kí ló wá kù? Koríko gbígbẹ, ìyẹ́ adìyẹ, àti ẹrẹ̀ ẹ̀yìn balùwẹ̀.

Alápàáńdẹ̀dẹ̀ ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ n gbìyànjú."

"Ìwọ tí o kò lọ́wọ́?"

"Mo lẹ́nu."

Ó bu ẹrẹ̀, ó fò. Ó bu ẹrẹ̀, ó fò. Ó fi koríko àti ìyẹ́ pò ó, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ẹnu ọ̀nà.

Ìyá gbójú sókè. "Orí rẹ̀ dà? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní. Ẹ má bínú, Ìyá. Ilé nìkan ni mo mọ̀ ọ́n mọ."

Ìyá kò bá a wí. Ó ní, "Òjò ṣú. Wọ inú rẹ̀, kó má pa ọ́."

Ọjọ́ ọdún pé. Àwọn ọmọdé dé. Wọ́n wo ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà, wọn kò rí ère.

"Ẹ rọra o, Ìyá ń sinmi."

Wọ́n ti ń kọjá lọ. Ìyá fẹ́ dìde lórí àpótí kó lè pè wọ́n, kò tíì nàró tán. Ni Alápàáńdẹ̀dẹ̀ bá yọ orí, ó ń ké pé, "Ẹ padà, ẹ padà. Ẹ wòkè."

Ọmọbìnrin kékeré kan dúró. Ó ní, "Ẹ wá wò ó. Gbogbo ère ìlú yìí ló yadi. Ti Ìyá ń sọ̀rọ̀."

Gbogbo wọn ya wọlé. Wọ́n jó, wọ́n jẹ ẹ̀wà Ìyá kan ìsàlẹ̀ ìkòkò. Wọ́n fi ẹsẹ̀ eléruku tẹ gbogbo ilẹ̀, Ìyá kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá a títí ilẹ̀ fi mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Alápàáńdẹ̀dẹ̀ ti ń fi ẹrẹ̀ àti koríko kọ́lé sábẹ́ òrùlé ènìyàn, tí a kì í wó o. Bó bá da ìdọ̀tí sílẹ̀, a máa ń gbá a ni.

Ibi tí mo bá a dé nìyí. Ẹni tó bá ní mo parọ́, kó lọ gbójú sókè lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn.