Pátákó Tí Kò Ní Àmì Ohùn

Ọkùnrin kan wà tí ó fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ni, ó sì wà ní ìpele àwọn tó wúwo jù lọ. Ìpele yẹn ní òfin tirẹ̀: bí o kò bá wúwo tó, òṣùwọ̀n yóò dá ọ padà, ṣùgbọ́n bó ti wù kí o wúwo tó, ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé o ti pọ̀ jù. Àkàngbé ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà.

Nígbà tí Àkàngbé dàgbà, tí orúnkún rẹ̀ kò gbà fún àtẹ̀gùn mọ́, àwọn ará gbọ̀ngàn ìjà tí ó ti kọ́ṣẹ́ pinnu láti gbé pátákó ńlá kan kọ́ ògiri. Wọ́n fẹ́ to orúkọ àwọn tó lágbára jù nínú ìpele náà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá gbọ̀ngàn sílẹ̀, ẹni kìíní dé ẹni keje. Kóòṣì àtijọ́ ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, nítorí òun ló kọ́ gbogbo wọn. Ojú bàbá yìí ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ìjà kankan.

"Ẹ̀yin ń ka iye ènìyàn tí ẹ nà," ni ó máa ń wí. "Èmi, bí ènìyàn ṣe dìde lẹ́yìn tó ṣubú ni mo ń wò."

Ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn mọ́ Àkàngbé nínú, nítorí pé òun ti ṣubú rí. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Oyèdòkun, fi ọwọ́ òsì gbá a lágbọ̀n ní abala kẹta. Wọ́n ka ení, wọ́n ka èjì, wọ́n kà á dé ẹ̀wá, Àkàngbé kò dìde, ìjà sì parí. Kó tó di ọjọ́ náà, abọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì fi ń jẹun. Láti ọjọ́ náà, Àkàngbé kò ya ilé Oyèdòkun mọ́. Bí Oyèdòkun bá kí i lọ́nà, yóò dáhùn, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni yóò máa wò.

Ó mọ̀ pé bí kóòṣì bá to orúkọ bó ṣe yẹ, Oyèdòkun ni yóò wà lókè, òun ni yóò tẹ̀ lé e, àtọmọdọ́mọ yóò sì máa kà á bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ó gbéra, ó di ilé kóòṣì.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò sọ fún yín láti ọjọ́ yìí."

"Sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Ọjọ́ tí Oyèdòkun nà mí, irin wà nínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀."

Kóòṣì sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. "Ṣé o fi ojú ara rẹ rí i?"

"Mo rí i, Bàbá."

Kò rí nǹkan kan. Ọwọ́ ló wà nínú ìbọ̀wọ́ náà, ọwọ́ lásán.

Ìtìjú kò jẹ́ kí bàbá lè bi Oyèdòkun léèrè. Ó kàn yọ orúkọ rẹ̀ pátápátá, ó sì fi Àkàngbé sí ipò kìíní. Àkàngbé kò bẹ̀bẹ̀ fún yíyọ; ipò kejì ni ó fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Yíyọ náà ta á lára díẹ̀, ṣùgbọ́n ó pa á mọ́ra.

Wọ́n wá pe pẹ́ńtà. Ọwọ́ pẹ́ńtà yìí dára, ó sì máa ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà, ṣùgbọ́n kì í fi àmì ohùn sórí ohunkóhun. "Ẹni bá gbọ́ Yorùbá," ni ó máa ń wí, "yóò mọ ohun tí mo ní lọ́kàn."

Ní ọjọ́ tí wọn yóò ṣí aṣọ lójú pátákó, èrò kún gbọ̀ngàn. Oyèdòkun náà wá, ó wọ kóòtù àtijọ́ tí àmì gbọ̀ngàn wà láyà rẹ̀. Nígbà tí aṣọ ṣí, Àkàngbé ń wò ó. Ó rí i tí ojú Oyèdòkun ń ti òkè bọ̀ dé ìsàlẹ̀, tó tún ti ìsàlẹ̀ padà sókè, tí kò rí ohun tó ń wá. Oyèdòkun kàn di bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá kan fi ohùn rara ka àkọlé pátákó náà. Ohun tí pẹ́ńtà kọ nìyí: AWỌN AKỌNI TI ẸṢẸ WỌN WUWO JU.

"Àwọn akọni tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn wúwo jù!" ni ìyá náà kà. "Ẹ gbà mí o! Kí ni wọ́n ṣe?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ni olórí ẹlẹ́ṣẹ̀ wọn?" ni ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn.

"Àkàngbé ni nọ́ńbà kìíní! Àkàngbé, ẹ kú oríire o!"

Àkàngbé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ kò là. Nígbà náà ni Oyèdòkun gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Pẹ́ńtà, jọ̀wọ́, fi orúkọ tèmi kún un. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi náà wúwo. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi dá gbé e."

Ẹ̀rín tún pọ̀ sí i. Pẹ́ńtà gun àpótí pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. "Ìlà kékeré kan péré ni," ni ó ń wí. "Ẹ jẹ́ kí n gbé e sókè, kó di ẹ̀ṣẹ́."

"Má fi àmì kankan sí i," ni Àkàngbé wí. "Bí ìyá yẹn ṣe kà á ló rí."

Wọ́n rò pé ó ń ṣeré.

"N kò bá yín ṣeré. Mo parọ́ mọ́ Oyèdòkun, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ kò fi sí níbẹ̀. Kò sí irin nínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó nà mí ni."

Ẹ̀rín dá. Oyèdòkun yíjú sí kóòṣì. "Bàbá, irin wo?"

Kóòṣì sọ fún un. Oyèdòkun wo ọwọ́ òsì rẹ̀ pẹ́, ó ní, "Àkàngbé, ọwọ́ mi yìí ni o pè ní irin? Ẹnikẹ́ni kò tíì yìn mí tó bẹ́ẹ̀ rí." Ṣùgbọ́n omi wà lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Àkàngbé rìn lọ bá a láàárín èrò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Oyèdòkun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dì í mú lápá, ó gbé e dìde.

Kóòṣì ní, "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń retí kí ọkùnrin yìí dìde nílẹ̀. Pẹ́ńtà, kọ Oyèdòkun sókè. Kọ Àkàngbé tẹ̀ lé e. Òní gan-an ni ipò náà tó tọ́ sí i."

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, o ti to àwọn ará rẹ lọ́kàn rẹ ná. O mọ ẹni tí àdúrà rẹ̀ lágbára, o mọ ẹni tí o rò pé ìwọ sàn jù. Ohun tí o kọ sókè orúkọ rẹ bí ẹ̀ṣẹ́, Ọlọ́run ń kà á ní ẹ̀ṣẹ̀, Òun kì í sì í gbàgbé àmì. Ta ni o yọ orúkọ rẹ̀ kí tìrẹ lè wà lókè? Má sọ fún mi pé ó ti pẹ́. Má sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ náà ti wúwo jù, nítorí òṣùwọ̀n àánú dà bí ti ìpele Àkàngbé: kì í kọ ẹnikẹ́ni nítorí pé ó wúwo. Wọn kò tíì kà ọ́ dé ẹ̀wá. O mọ ilé ẹni tí o yọ orúkọ rẹ̀. Dìde, kí o lọ bá a.